Evangelion: rọ́bọ́ọ̀tì tí ọmọ kò fẹ́ wọ̀. Kí ni ẹ rí lára rẹ̀ gan-an?

Sùnmọ́nù_Voltron

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Àbúrò ìyàwó mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 19. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń wo anime kan, ìyẹn kàtúùnù Japan, tí wọ́n ń pè ní Neon Genesis Evangelion. Lálẹ́ ọjọ́ tó wò ó tán, kò jẹun. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń wo ògiri. Mo ní kí ló ṣe ọ́, ó ní, "Bọ̀dá, kò ṣeé ṣàlàyé."

Mo ní kó tún un gbé sí i, kí n wo apá kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí ẹ ń wò yìí, Voltron ni mo wò dàgbà. Kìnnìún márùn-ún á jáde, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á yọ idà, ọ̀tá á fọ́ sí méjì, àwa náà á lọ jẹ ẹ̀bà. Èyí tí mo wò yìí, ọmọ náà kò tilẹ̀ fẹ́ wọnú rọ́bọ́ọ̀tì! Bàbá rẹ̀ dúró sókè lọ́hùn-ún, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹrù tó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ ń gbọ̀n. Ni wọ́n bá fi bẹ́ẹ̀dì alágbàá ti ọmọbìnrin kan wọlé, báńdéèjì lójú, ẹ̀jẹ̀ lára, pé tí ìwọ kò bá wọ̀ ọ́, ẹni tí ẹ̀ ń wò yìí ló máa wọ̀ ọ́.

Mo pa á. Mo ní irú kí nìyí?

Ṣùgbọ́n 1995 ni wọ́n ti ṣe nǹkan yìí o, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ló ń tìtorí rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, kí ni ẹ rí? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dá mi lóhùn.

Àyìnlá_Oníwáyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ibi tí ẹ ti pa á yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 2015 ni ìtàn wà, ọjọ́ iwájú nìyẹn lójú àwọn tó ṣe é. Nínú ìtàn náà, àjálù kan ṣẹlẹ̀ ní Antarctica lọ́dún 2000, ìdajì àwọn ènìyàn ayé ló bá a lọ. Òkun kún, ooru dé sí Japan, kò sì lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀dá ràgàjì tí wọ́n ń pè ní Áńgẹ́lì ń yọ sí ìlú Tokyo-3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ kan tó ń jẹ́ NERV ló ní ohun ìjà tó lè kojú wọn, ìyẹn Eva, àwọn ọmọ ọdún 14 sì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Shinji Ikari ni ọmọ tí ẹ rí. Gendo, bàbá rẹ̀, ni ọ̀gá NERV.

Ìyá ọmọ náà ti lọ nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá gbé e sọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi ojú kan ara wọn. Ọjọ́ kan, lẹ́tà dé. Ẹ mọ ohun tó kọ síbẹ̀? "Wá." Kò sí "ṣé dáadáa lo wà", kò sí "ọmọ mi". Wá, ó tán.

Ẹni tó bá ti gba irú ìpè yẹn rí láti ọ̀dọ̀ bàbá tí kì í pe ènìyàn mọ bó ṣe ń rí nínú ikùn. O ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ fún ọ ní nǹkan ni àbí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o ti ń wá bàtà.

Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì àtijọ́, ogún ni wọ́n. Ní Mazinger Z tó jáde lọ́dún 1972, bàbá àgbà ló kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ti Shinji kì í ṣe ogún, gbèsè ni. Kò jẹ ẹ́, wọ́n ní kó wá san án.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹkún àsunjù. Wọ́n ní kó wá gba ayé là, ó ní òun ò ṣe. Tí bàbá tèmi bá ní "wá", mo ti dé kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé. Mo wò ó dé apá kẹrin, oorun gbé mi lọ.

Dọ́tun_Jẹnẹ

Apá kẹrin lo ti sùn? Ìwọ ọkùnrin yìí. Ṣe lo sùn sílé ìyàwó lọ́jọ́ ìdána.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù, èmi kì í wo fíìmù ogun. Ẹ ní kí n ka àwọn Áńgẹ́lì yẹn fún yín, mi ò lè kà á pé. Àjà ilé ló mú mi.

Oṣù kìíní ọdún ni mo dé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fún ìwé. Yàrá tí wọ́n fún mi, bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àjà funfun. Nǹkan róbótó kan wà láàárín àjà tí iná pupa ń ṣẹ́jú níbẹ̀, mi ò mọ̀ nígbà náà pé èéfín ló ń ṣọ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo wá wo apá kejì Evangelion lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, Shinji jí ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ó wo òkè, ó ní, "Àjà tí mi ò mọ̀." Mo dá a dúró. Mo lọ bu omi mu.

Apá kejì yẹn kan náà ni Misato, obìnrin ológun tó lọ pàdé rẹ̀, ti mú un lọ sílé ara rẹ̀ kó má baà dá gbé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Misato wọlé. Ọmọ dúró síta, ó ní "ojama shimasu", ohun tí àlejò máa ń sọ ní Japan nìyẹn, bí ẹni ní "ẹ má bínú o, mo wá dí yín lọ́wọ́". Misato ní rárá, ilé rẹ nìyí. Ọmọ wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó rékọjá ẹnu ọ̀nà, ó ní "tadaima". Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "okaeri".

Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń ni wọ́n lára. Ní tiwa ńkọ́? "Mo ti dé." "Káàbọ̀." Ó parí. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀.

Ilé tí mo gbé ní Leeds, àwa mẹ́rin la jọ ń lo kíṣìn kan. Oṣù mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe pé wọ́n burú o, ọ̀kan nínú wọn máa ń ṣe àkàrà òyìnbó fún mi. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ náà ni.

Ilé Misato náà kì í wá ṣe ilé tí ènìyàn lè fi yangàn. Ìdọ̀tí kún pálọ̀, bíà ló kún inú fìríìjì, ẹyẹ penguin kan sì ń jáde láti bálùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn. Ọmọ tí wọ́n kí káàbọ̀ náà ló wá di ẹni tó ń dáná. Ṣùgbọ́n wọ́n kí i.

Ní apá kẹrin tí àbúrò wa yìí sùn, Shinji sá kúrò nílé. Ó wọ réluwé, ó fi ohun ìgbọ́rin rẹ̀ setí, orin kan náà ń yí po. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Wọ́n mú un padà, wọ́n ní tí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Wọ́n gbé e dé ibùdókọ̀ réluwé. Misato sáré tẹ̀lé e nínú mọ́tò, ó dé lẹ́yìn tí réluwé ti gbéra. Ó gbé orí lé sítíárìn. Nígbà tó gbójú sókè, ọmọ náà ṣì dúró lórí pèpéle. Kò wọ̀ ọ́. Wọ́n wo ara wọn títí, tí ẹni tó ń wò ó á fi rò pé ẹ̀rọ ti há. Lẹ́yìn náà: "Mo ti dé." "Káàbọ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo rí nìyẹn. Mi ò tíì kan rọ́bọ́ọ̀tì.

Sùnmọ́nù_Voltron

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi yìí, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé. Mo rò pé nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ni.

Dọ́tun_Jẹnẹ

Ẹ̀yin ẹ ń sunkún, èmi ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá.

Eva kì í dá ṣiṣẹ́. Wáyà gìrìwò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí iná ń gbà wọlé sí i láti ilẹ̀. Tí wáyà yẹn bá já, bátìrì tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, aago á sì máa kà á sẹ́yìn lójú ọmọ náà. Gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì tí mo wò ní kékeré, mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n ra epo. Ẹni tó ro èyí, bí kò bá gbé Mushin rí, a jẹ́ pé ó lálàá débẹ̀.

Ẹ wo apá 11. Iná lọ pátápátá ní NERV, àti iná àfipamọ́ wọn. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Atẹ́gùn kò fẹ́. Gendo tó le bí òkúta yẹn àti Fuyutsuki igbákejì rẹ̀ jókòó, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù, ojú wọn kò yí padà. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń wa Eva ń rákò nínú ihò atẹ́gùn kí wọ́n tó lè débi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa dé, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi okùn fa nǹkan lọ́wọ́, Gendo wà láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá yẹn dà bí ènìyàn lójú mi nìyẹn.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ mẹ́ta dùbúlẹ̀ lórí òkè lálẹ́, ìlú ṣókùnkùn, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Asuka, ọ̀kan nínú wọn, ní báyìí tí iná kò sí, ó dà bí ẹni pé ènìyàn kò gbé ibẹ̀. Ibi tó ti ń sọ ọ́, iná dé káàkiri ìlú. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, mo pariwo UP NEPA.

Èyí tó wá kà mí láyà ni ti apá kẹfà. Áńgẹ́lì kan wà tí wọn kò lè sún mọ́, àfi kí wọ́n yìn ín níbọn láti ọ̀nà jíjìn. Ìbọn náà ń jẹ iná tó tó mílíọ̀nù 180 kílówáàtì. Wọ́n kó iná gbogbo Japan jọ sí i. Ẹ ó rí i tí ìlú ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí òkun dé orí òkè, òṣùpá nìkan ló kù. Iṣẹ́ Yashima ni wọ́n pè é. Ọdún 2011, tí ilẹ̀ ríri ńlá yẹn ṣẹlẹ̀ ní Japan lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta, tí ilé iṣẹ́ iná Fukushima bàjẹ́, tí iná kò tó, àwọn olólùfẹ́ anime yìí bọ́ sórí Twitter, wọ́n ń bẹ ara wọn pé kí oníkálukú pa iná tí kò bá nílò. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún un? Iṣẹ́ Yashima. Fíìmù tó ti pé ọdún 15 lé. Ìjọba kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní 1995 ni.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ti iná yìí wù mí ju ti ẹkún lọ.

Ọmọ_Wòlíì

Ẹ fi ti ìsìn tèmi kún un. Ilé Àládúrà ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi wọ yàrá lọ́jọ́ kan, ó bá ẹ̀dá funfun ńlá kan lójú kọ̀ǹpútà mi tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú pupa, ojú méje lára ìbòjú rẹ̀. Ó ní kí lèyí. Mo ní kàtúùnù ni. Ó ní kàtúùnù ta ni? Ó pa kọ̀ǹpútà, ó ta òróró sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, lẹ́tà A ní láti jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọdún méjì ni mo fi wá ìtumọ̀ àgbélébùú wọ̀nyẹn. Áńgẹ́lì kú, iná ńlá yọ ní àwòrán àgbélébùú. Igi ìyè wà lórí àjà ọ́fíìsì Gendo. Ọ̀rọ̀ Japan tí wọ́n ń lò fún àwọn Áńgẹ́lì yẹn pàápàá, "shito", àpọ́sítélì ló túmọ̀ sí. Mo ti fẹ́ kọ ìwé lé e lórí. Ni mo bá kà á pé Kazuya Tsurumaki, igbákejì olùdarí, ti sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sí ìtumọ̀ ìsìn kankan níbẹ̀, pé ẹ̀sìn Kírísítì kò wọ́pọ̀ ní Japan, ó kàn fani mọ́ra lójú wọn ni.

Inú bí mi. Ó bí mi fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé, àwọn òyìnbó náà ń gbé ère Ìbejì wa sórí tábìlì nítorí pé ó bá àga wọn mu. Ó ti dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo ní nígbà tí mo ń wò ó kì í ṣe irọ́ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe fi ohun tí kò ní ìtumọ̀ dẹ́rù ba ọmọ wòlíì.

Àyìnlá_Oníwáyà

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé ẹni tó ṣe é. Hideaki Anno, ọmọ ìlú Ube ní ìpínlẹ̀ Yamaguchi, 1960 ni wọ́n bí i. Ilé iṣẹ́ Gainax ló ti ṣiṣẹ́ náà. Kí Evangelion tó jáde ní 1995, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà: pé fún ọdún mẹ́rin òun dà bí ẹni tó ti fọ́, òun ò lè ṣe nǹkan kan, òun kàn wà láìkú ni. Ó ní ṣe ni òun ń sá, òun sì fẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró. Nígbà tí Shinji bá wá ń sọ fún ara rẹ̀ ní apá kìíní pé "mi ò gbọdọ̀ sá, mi ò gbọdọ̀ sá", ẹ ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọdún 1995 yẹn fúnra rẹ̀ kò dára fún wọn. Ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe ní oṣù kìíní, òkú lé ní 6,000. Ní oṣù kẹta, ẹgbẹ́ ìsìn kan da oró sarin sínú réluwé abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo. Owó tí wọ́n ti rò pé kò ní tán láé ti tán láti bí ọdún mélòó kan ṣáájú. Ọmọ ọdún 14 ìgbà yẹn tan tẹlifíṣọ̀n, ó rí ọmọ ọdún 14 kan tí àwọn àgbà ti ba ayé jẹ́ kó tó gbọ́njú, tí wọ́n wá ní kó bọ́ síwájú.

Apá 25 àti 26 ló da ìjà sílẹ̀. Gbogbo ayé ń dúró de ogun àjàkẹ́yìn. Anno ní kò sí ogun. Ó gbé wa wọ inú orí Shinji: àga kan, iná kan, àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà tí wọn kò kùn, ohùn tó ń bi í léèrè, kí ló dé tí o fi ń wọ Eva? Nígbẹ̀yìn, gbogbo ẹni tó mọ̀ yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, oníkálukú ń ní "kú oríire". Ó tán! Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1996. Ẹ lè fojú inú wo ìbínú. Lẹ́tà èébú rọ́ dé, ti ìhalẹ̀ ikú wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí wá ṣe fíìmù The End of Evangelion ní oṣù keje 1997, ó fi ogun tí wọ́n ń bèèrè fún wọn, ó burú ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Láàárín rẹ̀ ó wá ya àwọn tó jókòó sí ilé sinimá, ó fi wọ́n han ara wọn lójú fíìmù, ó sì jẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ yẹn ṣẹ́ fìrí kọjá.

Kò sí olùdarí mìíràn tí mo mọ̀ tó ti bá èmi òǹwòran jà bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un, mi ò parọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yọ́

Ẹ ti yìn ín tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tó korò.

Mo kórìíra bí kámẹ́rà ṣe ń yọjú sí ara àwọn ọmọbìnrin ọdún 14 inú rẹ̀. Mi ò ní fi "ìjìnlẹ̀" bò ó mọ́lẹ̀. Ó burú, ó burú náà ni. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù, tí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ má jẹ́ kó jókòó tì yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo yín: Shinji, Shinji, Shinji. Asuka ńkọ́? Ọmọ tó dé láti Jámánì tó ń pariwo pé òun ló mọ̀ ọ́n wà jù, gbogbo yín ń pè é ní aláfojúdi. Ìyá rẹ̀ ti sínwín lẹ́yìn ìdánwò kan lórí Eva. Bèbí ìṣeré kan ló ń gbé jó, bèbí náà ló ń pè ní Asuka, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Asuka láti máa wa Eva, ó sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti mú mi o, wo ojú mi. Ó bá a pé ó ti kú. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti ń gba ipò kìíní. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí obìnrin, tí wọ́n ń fi èsì ìdánwò mi han àlejò, tí wọn kò bi mí rí bóyá mo ti jẹun, mo mọ Asuka. Shinji ń sá, gbogbo yín káàánú rẹ̀. Asuka kò sá, ó ń ṣe é títí ó fi tán nínú rẹ̀, ta ló káàánú òun?

Ní apá 22, òun àti Rei, ọmọbìnrin oníbáńdéèjì apá kìíní yẹn, wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Kò sí ẹni tó mira. Bí ìṣẹ́jú kan ni. Mo rò pé dátà mi ló tán, mo ti ń tẹ fóònù láti yẹ̀ ẹ́ wò kí Rei tó la ẹnu.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Àǹtí, Asuka lẹni tí mo bá ṣe. Mi ò sọ ọ́ nítorí ojú ń tì mí.

Olùkọ́_Bàyọ̀

Apá kẹrin tí ẹ ń sọ, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sí i ń tọ́ka sí ìtàn kan tí Schopenhauer ọmọ Jámánì kọ ní 1851. Àwọn ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan, òtútù mú wọn, wọ́n sún mọ́ra kí ara wọn lè gbóná, ẹ̀gún wọn gún ara wọn, wọ́n sún kúrò, òtútù tún dé. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ẹranko kékeré kan tí kò tó ẹ̀kún ọwọ́. Òòrẹ̀ gan-an ló wà nínú ti Jámánì. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀gún òòrẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ rí, á mọ̀ pé èyí tiwa yìí ni ìtàn náà tọ́ sí. Ritsuko, onímọ̀ sáyẹ́nsì kan ní NERV, ló fi ìtàn náà ṣàlàyé Shinji fún Misato.

Sùnmọ́nù_Voltron

Ó dáa, ó dáa. Mo ti gbà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní fíìmù mìíràn tún wà.

Dọ́tun_Jẹnẹ

Gbogbo apá 26 kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ti 1997. Ẹ sinmi bí oṣù kan, ẹ jẹ ẹran. Lẹ́yìn náà àwọn fíìmù tuntun mẹ́rin: 2007, 2009, 2012, 2021. Ti ọdún 1995 bọ́ sí Netflix ní 2019, ṣùgbọ́n orin ìparí tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi Japan.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹni tí kò bá tíì wo ti 2021 kó fò mí o.

Nínú fíìmù ìkẹyìn yẹn, ayé ti bàjẹ́ pátápátá, abúlé kan wà tí àwọn tó yè ń gbé. Ọmọbìnrin kan tó jọ Rei dé ibẹ̀. Ẹ̀dà ni, wọ́n ṣe é ni, kò ní ìyá, kò mọ ìkíni kankan. Àwọn ìyá arúgbó fà á lọ sóko ìrẹsì. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ń gbin ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní abúlé yẹn ló ti ń bèèrè: kí ni "ẹ káàárọ̀"? Kí ni "ẹ ṣé"? Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún méjì. Nígbà tó kan "ó dàbọ̀", ó ní kí ló túmọ̀ sí. Wọ́n ní ọfọ̀ ni, a máa ń sọ ọ́ kí a lè tún rí ara wa.

Mo dá fíìmù dúró. Ìtumọ̀ yẹn, wọ́n ní láti ṣàlàyé rẹ̀ ní Japan, nítorí "sayonara" kò gbé e sójú. Tiwa ti sọ ọ́ lẹ́nu: ó di àbọ̀. Ìgbà wo ni mo ti ń sọ ọ́ tí mi ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Mo pe ìyá mi ní Ṣàgámù. Mi ò sọ nǹkan kan fún un nípa fíìmù. A sọ̀rọ̀ lórí iye tí tòmátò jẹ́. Nígbà tó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Àbẹ̀kẹ́," mo ní kó tún un sọ. Ó ní ṣé nẹ́tíwọ́kì ni.

Ibùdókọ̀ réluwé tí fíìmù yẹn parí sí, ti Ube ni, ìlú tí wọ́n ti bí Anno. Àwòrán tí wọ́n yà ló ń lọ, ó sì di ìlú gidi tí wọ́n fi kámẹ́rà yà láti òkè. Ọdún 1995 sí 2021 ló fi rìn ín dé ilé.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Mo ti padà sí apá kẹrin. Mi ò sùn.

Mo ní tí bàbá mi bá ní "wá", mo ti dé. Òótọ́ ni. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún yín ni.

Dọ́tun_Jẹnẹ

Káàbọ̀, bọ̀dá.

Sùnmọ́nù_Voltron

Ẹ kú alẹ́ o. Èmi àti ọmọ yìí la jókòó tì í lónìí. A bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní, ó ní òun á bá mi wò ó, kí n má ṣáà máa sọ̀rọ̀ sí i. A ti dé apá kẹrin. Shinji ti dé ibùdókọ̀ réluwé, Misato ń sáré bọ̀ nínú mọ́tò. NEPA mú iná. Kọ̀ǹpútà wà ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Dọ́tun_Jẹnẹ

Ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn, ẹ̀gbọ́n! Wáyà yín ti já! Ẹ sáré!

Sùnmọ́nù_Voltron

Ó ti kú. Réluwé ti ń lọ, mi ò rí bóyá ọmọ náà wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ lọ tan jẹnẹ, àbúrò mi ní kí n jókòó. Ó ti ń sọ ìyókù fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ti kúrò ní apá kẹrin, ó ti dé ibi tí Asuka dé láti Jámánì. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.